Àpótí Orin Àǹtí Tìlẹ̀kùn

Kò sí ẹni tó máa gun àtẹ̀gùn wọ ṣọ́ọ̀bù náà tí kò ní kọ́kọ́ gbọ́ "Ẹ tìlẹ̀kùn" kó tó gbọ́ "Ẹ káàbọ̀". Bó o jẹ́ oníbàárà, wàá tì í. Bó o jẹ́ agbowó-orí, wàá tì í. Lọ́jọ́ kan, atẹ́gùn ló ṣí i, obìnrin náà sì bú atẹ́gùn bí ẹni pé ó létí. Bí àdúgbò ṣe sọ ọ́ ní Àǹtí Tìlẹ̀kùn nìyẹn. Nígbà tó kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ náà, inú bí i. Nígbà tó yá, ó kọ ọ́ sára pátákó iwájú ṣọ́ọ̀bù. Ó ní ohun tí wọ́n bá fi ń bú èèyàn, kéèyàn tètè sọ ọ́ di tiẹ̀.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa tún kọ̀ǹpútà ṣe, kó sì máa bá àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké ṣọ́ tiwọn kí olè orí íńtánẹ́ẹ̀tì má bàa ráyè wọlé. Yàrá kan ṣoṣo ni ṣọ́ọ̀bù náà, lókè ibi tí wọ́n ti ń ta ọ̀dà. Tábìlì gígùn kan wà lẹ́bàá fèrèsé, àwọn kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti tú ìfun wọn síta wà lórí rẹ̀, òórùn òjé yíyọ́ kì í sì í kúrò níbẹ̀. Àga mẹ́ta ló wà fún àlejò. Ẹsẹ̀ ọ̀kan ti kán, kì í sì í sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní ẹni tí kò bá yẹ àga wò kó tó jókòó, irú wọn ló ń ṣí gbogbo lẹ́tà tí olè bá fi ránṣẹ́ sórí kọ̀ǹpútà.

Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu rẹ̀ pọ̀ ju irinṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá gbé kọ̀ǹpútà wá, ìwàásù ló máa fi bá a dì í padà. "Orúkọ ọmọ yín lẹ fi ṣe páswọ́ọ̀dù? Ta ló bímọ tí aládùúgbò ò mọ orúkọ ọmọ ẹ̀? Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Ẹ̀yin lẹ fọwọ́ ara yín la ògiri lẹ́nu." Ó gbà pé àṣírí tí ẹni méjì bá ti mọ̀ ti di ìròyìn. Ó tún gbà pé àgádágodo tí ẹni tó rọ ọ́ ò jẹ́ kí ẹlòmíràn rí inú rẹ̀, ẹ̀tàn ni, torí ojúlówó kì í bẹ̀rù kí wọ́n wo òun.

Tó bá wá kan àwọn tó ń gbàwé lọ́wọ́ ìjọba pé ọ̀nà báyìí-báyìí tí kọ̀ǹpútà ń gbà ṣiṣẹ́, àwọn nìkan ló ni ín, ńṣe ló máa ju irinṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ṣé ẹnì kan lè gbàwé pé òun ló ni dídi okùn bàtà? Ká máa wá tọrọ ààyè ká tó di okùn bàtà tiwa?" Ilé-iṣẹ́ orin ńkọ́? Ẹ má wulẹ̀ bi í. Olórin á lóyún rẹ̀, olórin á rọbí rẹ̀, ilé-iṣẹ́ á wá gbé ọmọ pọ̀n, ìyá ọmọ á sì máa ra ọmọ ara rẹ̀ lọ́jà.

Kì í ṣe ẹnu lásán ló fi ń sọ gbogbo èyí. Nígbà tó wà lọ́mọdé, òun ni màmá rẹ̀ fi ṣọ́lé lọ́jọ́ kan. Ó sáré lọ ṣeré, ó gbàgbé ilẹ̀kùn. Rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì ni olè gbé, kásẹ́ẹ̀tì sì wà nínú rẹ̀, èyí tí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin fi gba ohùn màmá wọn sílẹ̀. Màmá ò nà án. Ó kàn ní, "Rédíò á wá, ọmọ mi." Rédíò mìíràn wá lóòótọ́. Kásẹ́ẹ̀tì ò wá mọ́, màmá náà sì ti lọ tipẹ́. Àwọn méjèèjì ò ní ohùn rẹ̀ nínú ẹ̀rọ kankan, kò sì sí ọjọ́ tí Àǹtí Tìlẹ̀kùn ò rántí ilẹ̀kùn yẹn.

Àbúrò ọ̀hún ló di olórin, orúkọ tí gbogbo ayé sì ń pè é náà nìyẹn: Olórin. Ohùn tó yẹ kí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò pín, òun nìkan ló kó gbogbo rẹ̀. Ti ẹ̀gbọ́n ń dún bí àgbékọ́ ilẹ̀kùn tí wọn ò fi òróró sí. Nílé-ìwé, olùkọ́ ní kó máa la ẹnu lásán nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń kọrin. Látọjọ́ náà, kò kọrin lójú ẹnikẹ́ni mọ́, kì í sì í jẹ́ kí wọ́n gba ohùn òun sílẹ̀. Ó ní nítorí ààbò ni. Irọ́ ni. Ojú ló ń tì í.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, Olórin parí orin tuntun kan ní sítúdíò. Kó tó gbé e jáde, ẹlòmíràn ti ń kọ ọ́ káàkiri. Ẹnì kan ní sítúdíò ló lẹ páswọ́ọ̀dù mọ́ ara ògiri kó má bàa gbàgbé. Ilé-iṣẹ́ orin ní àwọn ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn náà ló ń ta ti ẹlòmíràn ọ̀hún. Àǹtí Tìlẹ̀kùn bú wọn títí ohùn rẹ̀ tí kò dáa tẹ́lẹ̀ fi há pátápátá.

Ìgbà tó ṣe, dókítà rí kinní kan tó wú lọ́fun Olórin. Ó ní iṣẹ́ abẹ ló kàn, òun ò sì lè ṣèlérí pé ohùn náà á padà bó ṣe wà. Olórin ò sunkún. Sítúdíò ló gbà lọ. Ó kọ gbogbo orin tó kù nínú rẹ̀ sínú ẹ̀rọ kí abẹ tó kàn án, ẹni tó ń bá a tẹ ẹ̀rọ lọ́jọ́ náà sì jẹ́wọ́ pé òun ò gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ rí. Àǹtí Tìlẹ̀kùn gba orin wọ̀nyí lọ́wọ́ wọn. Ó ní kí wọ́n pa gbogbo ẹ̀dà tó wà ní sítúdíò rẹ́, ó sì dúró tì wọ́n títí wọ́n fi pa á rẹ́.

Inú àpótí kan tí kò ju àtàǹpàkò lọ, tí wọ́n ń kì bọ ara kọ̀ǹpútà, ló kó wọn sí. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló ṣe àpótí náà, ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Onígíláàsì, tó ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà. Kinní náà ní ọpọlọ tirẹ̀ nínú. Kò ṣeé tú, kò sì ṣeé dà kọ láìjẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ ṣí i. Bó o bá tẹ páswọ́ọ̀dù tí kò tọ̀nà sí i lẹ́ẹ̀mẹwàá, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ló máa pa rẹ́. Nígbà tí Onígíláàsì kọ́kọ́ ṣe é, ó fi kọ́kọ́rọ́ ìrànlọ́wọ́ sí i. Ńṣe ni wọ́n máa gé kọ́kọ́rọ́ náà sí mẹ́ta, wọ́n á pín in fún ẹni mẹ́ta, bí ẹni méjì nínú wọn bá sì ti pàdé, àpótí á ṣí. Ni ilé-iṣẹ́ ńlá kan bá kọ̀wé sí i pé àwọn ló ni ọ̀nà yẹn, pé ìwé ìjọba wà lọ́wọ́ àwọn, kó yọ ọ́ tàbí kó bá àwọn ní kóòtù. Ó yọ ọ́. Àǹtí Tìlẹ̀kùn gégùn-ún fún ilé-iṣẹ́ náà fún odindi ọ̀sẹ̀ kan, àmọ́ kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n yọ ò dùn ún. Ó ní kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo ló dáa jù.

"Wá páswọ́ọ̀dù tó gùn," ó sọ fún àbúrò rẹ̀. "Kó má nítumọ̀ rárá. Má kọ ọ́ síbì kankan, má sì tẹ̀ ẹ́ lójú ẹnikẹ́ni. Má sọ ọ́ fún ìyàwó ẹ. Má sọ ọ́ fún èmi gan-an."

"Àǹtí mi, tí mo bá wá gbàgbé ńkọ́?"

"Ìwọ tó o mọ gbogbo orin ayé sórí?"

Olórin rẹ́rìn-ín, ó wọ yàrá, ó sì tilẹ̀kùn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbọ́ tó ń kùn lábẹ́lẹ̀ nínú yàrá náà. Inú rẹ̀ dùn pé ọmọ náà gbọ́ràn.

Àṣejù, baba àṣetẹ́. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ, ẹ̀mí Olórin là. Dókítà kìlọ̀ pé kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, kò gbọdọ̀ kùn, kò tiẹ̀ gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, títí òun á fi ní ó yá. Wọ́n ra pátákó funfun kékeré kan fún un pé kó máa kọ ohun tó bá fẹ́ sọ sí i. Nígbà tó délé, ó dá jókòó, ó tẹ páswọ́ọ̀dù rẹ̀ sí àpótí. Àpótí kọ̀. Ó tún un tẹ̀, ó kọ̀. Ojú tì í, kò sọ fún ẹnikẹ́ni, ó tún ń dán an wò. Ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ máa fi rí i lórí àga níbi tó di orí mú, ẹ̀ẹ̀mejì péré ló kù.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, wọ́n wà ní ṣọ́ọ̀bù lókè. Olórin jókòó sẹ́bàá tábìlì, aṣọ wé mọ́ ọn lọ́rùn. Ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ aránṣọ, dúró sẹ́yìn rẹ̀, téèpù tó fi ń wọn aṣọ ṣì wà léjìká rẹ̀ torí ìdí iṣẹ́ ló ti sáré wá. Onígíláàsì tẹ̀ wo àpótí náà bí dókítà tó ti mọ̀ pé kò sí oògùn. Ẹnì kan kan ilẹ̀kùn, kò sì dúró kí wọ́n dáhùn kó tó wọlé. Ọkùnrin ilé-iṣẹ́ orin ni, ẹni tí Àǹtí Tìlẹ̀kùn ń pè ní Ẹlẹ́rìn-ín torí kò tíì rí i kó pa ẹnu dé rí. Ìròyìn kì í pẹ́ dé etí ẹni tó bá ń dúró dè é.

"Ẹ tìlẹ̀kùn," Àǹtí Tìlẹ̀kùn wí.

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, kò tì í. Ó tẹ́ ìwé kan sórí tábìlì.

"Mà, a gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó sì dùn wá gan-an. Àwọn onímọ̀ tó wà lọ́dọ̀ wa lè ṣí àpótí yẹn. Kí àbúrò yín ṣáà buwọ́ lu ìwé yìí, kí orin inú ẹ̀ di ti ilé-iṣẹ́, àti àwọn tó ti kọ tẹ́lẹ̀."

"Tẹ́ ẹ bá wá gbé e lọ tẹ́ ò rí i ṣí ńkọ́?"

"A máa ṣí i, mà."

"Mo ní, tẹ́ ò bá rí i ṣí ńkọ́?"

"Ìwé á ṣì jẹ́ ìwé, mà." Ó tún rẹ́rìn-ín. "Tí mo bá kúrò níbí lónìí, mi ò ní gbé ọ̀rọ̀ yìí padà wá. Mo wà nísàlẹ̀ nínú mọ́tò."

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu. Àǹtí Tìlẹ̀kùn gbá a dé débi pé agolo ọ̀dà mì lórí pẹpẹ nísàlẹ̀.

"Irọ́ ni," Onígíláàsì wí. "Èmi tí mo ṣe é ò lè ṣí i. Tí wọ́n bá lè ṣí i, kí ló dé tó jẹ́ ìbuwọ́lù ni wọ́n ń kọ́kọ́ wá?"

Àǹtí Tìlẹ̀kùn mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó yíjú sí àbúrò rẹ̀ láti sọ ọ́, ó sì bá a pẹ̀lú bírò lọ́wọ́. Olórin ti kọ nǹkan sórí pátákó: *Mo fẹ́ buwọ́ lù ú.*

"O ò gbọ́ ohun tó sọ ni? Wọn ò lè ṣí i! Wàá fún wọn ní tòní, wàá fún wọn ní tàná."

Olórin nu pátákó, ó tún kọ ọ́: *Tí wọ́n bá lè ṣí i ńkọ́? Kí wọ́n máa pè é ní tiwọn. Kí èèyàn ṣáà gbọ́ ọ.*

"Àǹtí, ẹ jẹ́ kó buwọ́ lù ú," ìyàwó wí. "Ẹ má bínú sí mi o. Ẹ̀yin ò sí nílé. Ẹ ò rí i láàárọ̀. Tó bá jí, á la ẹnu bó ṣe máa ń ṣe tẹ́lẹ̀ tó bá fẹ́ kọrin, á wá rántí, á tún pa á dé. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ ní kó ṣe ló ṣe. Ẹ ní kó má sọ fún mi, kò sọ fún mi. Ká ní mo mọ̀ ọ́n ni, ṣé a máa wà níbí?"

Àǹtí Tìlẹ̀kùn gbé ọwọ́ lé ilẹ̀kùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá dé. Òótọ́ ni ìyàwó sọ. Kò sí olè tó jí orin yìí gbé. Òun fúnra rẹ̀ ló ti ẹni tó ni orin mọ́ ìta.

"Kọ ọ́ sílẹ̀ kí n rí i," ó wí.

Onígíláàsì yọ gíláàsì ojú rẹ̀. "Kọ kí ni sílẹ̀?"

"Páswọ́ọ̀dù. Kó kọ ọ́ ká jọ wò ó."

Olórin wo ojú rẹ̀ bóyá àìsàn ti mú òun náà. Lẹ́yìn náà ló kọ ọ́, ó kún ojú pátákó: ìró kéékèèké tí kò nítumọ̀, ọ̀kan ń ti èkejì. A ò ní kọ ọ́ síbí. Ẹ mọ ẹni tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

"Ṣé ó dá ẹ lójú?" Olórin mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. "Ṣé èyí tó ò ń tẹ̀ láti ọjọ́ yìí nìyí?" Ó tún mi orí. Ó fi ìka hàn wọ́n pé nígbà mìíràn òun máa ń pààrọ̀ ìparí rẹ̀, bóyá ibẹ̀ lòun ti ṣì í.

Onígíláàsì ní bóyá lẹ́tà ńlá ló fi bẹ̀rẹ̀. Olórin ronú, ó mi orí pé ó ṣeé ṣe. Kò sí ohun mìíràn tí wọ́n lè dì mú. Olórin tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú lẹ́tà ńlá níbẹ̀rẹ̀, ó sì tẹ bọ́tìnnì ìkẹyìn. Iná kékeré ara àpótí ṣẹ́jú. Ó di pupa.

Ó ku ẹyọ kan.

Ìyàwó Olórin fẹ́ jókòó, àga tó kán ló sì fìdí lé. Òun àti àga ṣubú lulẹ̀. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Àǹtí Tìlẹ̀kùn gbé e dìde, ó fọwọ́ gbọn aṣọ rẹ̀, ó sì ti àga náà jù sí igun bí ẹni pé àga ló dá gbogbo ọ̀ràn sílẹ̀.

Nísàlẹ̀, Ẹlẹ́rìn-ín fọn fèrè mọ́tò. Olórin fa ìwé sọ́dọ̀, ó gbé bírò lé e. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Dúró. Ìbéèrè kan ṣoṣo. Nǹkan tó gùn tó báyìí, tí kò nítumọ̀, báwo lo ṣe há a sórí?"

Olórin ò fẹ́ dáhùn. Ó wo ilẹ̀, ó wo ìyàwó rẹ̀, ó wá kọ ọ́: *Orin ni mo fi kọ ọ́.*

"Orin wo?"

*Èyí tí màmá máa ń kọ tí wọ́n bá ń fọ abọ́.*

"Mo ní kó má nítumọ̀ rárá!" Ọ̀rọ̀ náà ti já bọ́ kó tó rántí ibi tí wọ́n wà. Olórin sáré kọ ọ́ pé ohùn orin nìkan ni, ìró kan fún ohùn kọ̀ọ̀kan, pé ọ̀rọ̀ màmá ò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò kà á. Ó ti dojú kọ fèrèsé, ó gbé ìwé Ẹlẹ́rìn-ín dání, torí ẹ̀yìn rẹ̀ ni Onígíláàsì ti da páswọ́ọ̀dù kọ sí kí wọ́n tó nu pátákó. Ohun kan ṣoṣo tí ìwé náà wúlò fún nìyẹn.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin.

Ohùn rẹ̀ há, ó ń gbẹ́ni létí, ó wọlé níbi tó yẹ kó jáde. Ojú ń tì í débi pé kò lè kọjú sí wọn. Àmọ́ ó ń lọ, ó ń fi ìka tọ ìró kọ̀ọ̀kan tó wà lórí ìwé, orin ń lọ, ìró ń lọ. Nígbà tó dé ìlàjì, ìka rẹ̀ àti ẹnu rẹ̀ ò bára wọn rìn mọ́. Ó tún un bẹ̀rẹ̀. Ibì kan náà ni wọ́n tún ti pínyà. Ìró orí ìwé tán, orin sì ṣẹ́ kù lẹ́nu rẹ̀.

"Kò pé," ó wí. "Ó ku nǹkan."

Olórin mi orí kíkankíkan pé rárá. Ó kọ ọ́: *Ẹ kọ ibi yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀kan ni.*

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni màmá máa ń kọ ọ́."

*Àṣìṣe màmá nìyẹn*, Olórin kọ ọ́, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró sójú kan.

Bẹ́ẹ̀ ló rí. Bí màmá wọn bá ń fọ abọ́ tó sì ń kọrin, tó bá ti dé ibẹ̀, ọkàn rẹ̀ á lọ síbi abọ́, á gbàgbé ibi tó dé, á sì padà sẹ́yìn díẹ̀ kó tó máa lọ. Lójoojúmọ́ ni, títí àṣìṣe náà fi di ara orin. Nígbà tí Olórin jókòó sínú yàrá tó ń kùn, bí màmá ṣe ń kọ ọ́ ló ṣe kọ ọ́, torí ẹnu ló fi ń kọ ọ́. Wọ́n wá gba ẹnu lọ́wọ́ rẹ̀. Orí nìkan ló kù tó fi ń kọrin, orí ẹni tó ti fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kọ́ orin ni, irú orí bẹ́ẹ̀ kì í sì í gba àṣìṣe láàyè. Gbogbo ìgbà tó bá ti dé ibẹ̀, ńṣe ló ń tún un ṣe láìmọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò mọ orin. Bí màmá ṣe gbé e lé e lọ́wọ́ ló ṣe wà lọ́wọ́ rẹ̀ di òní.

"Ṣé kó tẹ̀ ẹ́?" Onígíláàsì béèrè. "Tí kò bá ṣí—"

"Pa ẹnu ẹ mọ́."

Fèrè mọ́tò tún dún nísàlẹ̀. Olórin gbé ọwọ́ lé bọ́tìnnì. Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ń fi ojú bẹ̀ ẹ́, ó sì yé ẹ̀gbọ́n. Ó tún orin náà kọ, díẹ̀díẹ̀, Olórin sì ń tẹ̀ ẹ́ bó ṣe ń gbọ́ ọ. Nígbà tí wọ́n dé ibi àṣìṣe màmá, wọ́n padà sẹ́yìn, wọ́n sì ń bá a lọ. Ìyàwó Olórin ti fi téèpù aṣọ bo ojú. Olórin tẹ bọ́tìnnì ìkẹyìn.

Iná àpótí ṣẹ́jú. Ó ṣẹ́jú pẹ́. Ó wá di àwọ̀ ewé.

Kí ẹnikẹ́ni tó pariwo, Àǹtí Tìlẹ̀kùn ti ti gbogbo wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó da orin náà kọ sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó tún un dà kọ fún ìyàwó, ó dà á kọ fún Onígíláàsì. "Ẹ gbé e lọ sílé. Ẹ fi sí ibi tó yàtọ̀ síra. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbọ́ ọ, ẹ fún un." Onígíláàsì ní ṣé lẹ́nu rẹ̀ lòun ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Ó tún ní kó pa ẹnu ẹ̀ mọ́.

Lẹ́yìn náà ló jẹ́ kí orin àkọ́kọ́ dún. Ohùn Olórin jáde, ohùn tó mọ́ gaara, tó kún inú yàrá dé orí àjà. Olórin gbọ́ ara rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé ọ̀fun lórí aṣọ tí wọ́n fi wé e, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀ láìdún. Ìyàwó rẹ̀ dì í mú láti ẹ̀yìn. Inú gbogbo wọn dùn, ó sì ń dùn wọ́n.

Ilẹ̀kùn ṣí. Ẹlẹ́rìn-ín ni. "Mo gbọ́ orin láti ìsàlẹ̀. Àbí ó ti—"

"Ẹ tìlẹ̀kùn," Àǹtí Tìlẹ̀kùn wí. Ọkùnrin náà na ọwọ́ sí i. "Láti ìta," obìnrin náà fi kún un.

Ó fi ojú wá ìwé rẹ̀, ó sì rí i lórí tábìlì pẹ̀lú ìkọkúkọ lẹ́yìn. Kò mú un. Ẹnu rẹ̀ pa dé fún ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n, ó sọ̀ kalẹ̀. Kò tilẹ̀kùn.

Nígbà tí orin tán, Olórin fa pátákó rẹ̀ sọ́dọ̀, ó kọ ọ́: *Ẹ tún ti màmá kọ. Mo fẹ́ gbà á sílẹ̀.*

"Ohùn tèmi? Láéláé! Ṣé o fẹ́ ba ẹ̀rọ jẹ́ ni?"

*Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́*, Olórin kọ ọ́. *Bí ohùn wọn ṣe ń dún náà nìyẹn. Kò sí lọ́dọ̀ mi mọ́. Ọ̀dọ̀ yín ló wà. Ẹ̀dà kan ṣoṣo ló kù.*

Àǹtí Tìlẹ̀kùn kà á. Ó tún un kà. Onígíláàsì ti gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ sórí tábìlì, láàárín àwọn kọ̀ǹpútà tó ti tú síta, ìyàwó Olórin sì ti pa fáànù kó má bàa pariwo. Ariwo òpópónà ń wọlé láti orí àtẹ̀gùn, ẹni tó bá ń kọjá á gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Ẹ tìlẹ̀kùn ná," ó wí.

Kò sí ẹni tó dìde. Ó nu ojú, ó wú ikọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Nígbà tó dé ibi tí màmá máa ń gbàgbé, ó padà sẹ́yìn díẹ̀, ó sì ń bá a lọ.